Ọparun Oríire: Igi Tí Kì í Ṣe Ọparun, àti Ìtọ́jú Tó Bá A Lára Mu

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé sínú ìgò omi lórí tábìlì, tí ọ̀pá rẹ̀ ní oríkèé bíi ti ọparun, tí ewé rẹ̀ sì gùn, tó ń dán. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní lucky bamboo, ọparun oríire ni a ó sì máa pè é nínú àlàyé yìí. Láti ara orúkọ yìí gan-an ni ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá gbọ́ ọparun á rò pé igi tó fẹ́ràn oòrùn ni, ẹni tó bá sì rí i nínú omi á rò pé igi inú odò ni, àwọn méjèèjì á sì máa tọ́jú rẹ̀ lọ́nà tí kò bá a lára mu. Nígbà tí ewé rẹ̀ bá wá ń di àwọ̀ ìyeyè, wọn á da omi kún un, wọn á gbé e sún mọ́ oòrùn, wọn á sì fún un ní ajílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun mẹ́ta tó lè tètè pa á nìyẹn.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé igi yìí àti ọparun kò tan rárá. Ọparun gidi wà nínú ẹbí koríko, òun àti ìrèké àti àgbàdo. Pèrègún ni ìbátan ọparun oríire: Dracaena sanderiana ni àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pè é, Dracaena yìí kan náà sì ni wọ́n ń pe pèrègún. Sanderiana tó tẹ̀ lé e wá láti ara orúkọ Frederick Sander, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó di ìlúmọ̀ọ́ká nídìí títa òdòdó orchid, tó sì kú ní ọdún 1920. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé nípa àṣà àwọn ará Ṣáínà ni òkìkí igi náà fi kàn káàkiri ayé, àárín gbùngbùn ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣẹ̀, ní Kamẹrúùnù àti agbègbè rẹ̀, níbi tó ti ń hù nínú iyẹ̀pẹ̀ lábẹ́ òjìji àwọn igi ńlá. Ẹni tó bá ti fi èyí sọ́kàn, pé igi abẹ́ òjìji ni, pé igi ilẹ̀ sì ni kì í ṣe ti odò, ti mọ ìdajì ìtọ́jú rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú igbó, orí àwọn igi gíga ni oòrùn ń pa sí, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá já gba àárín ewé wọn kọjá ni igi kékeré ìsàlẹ̀ ń rí lò. Nítorí náà, ibi tó mọ́lẹ̀ dáadáa nínú ilé, ṣùgbọ́n tí oòrùn kì í ti í pa á ní tààrà, ni ibi tó dára jù lọ fún un: ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, tàbí inú yàrá ní ìwọ̀n mítà kan sí méjì sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Ọ̀nà kan wà tó rọrùn láti fi mọ̀ bóyá ibì kan yẹ. Ní ọ̀sán, ẹ na ọwọ́ yín sí agbedeméjì fèrèsé àti ibi tí ẹ fẹ́ gbé igi náà sí, kí ẹ sì wo òjìji ọwọ́ náà. Bí òjìji náà bá hàn kedere tó fi jẹ́ pé ẹ lè ka ìka yín níbẹ̀, oòrùn ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ó bá rí bàìbàì, ibẹ̀ dára. Bí ẹ kò bá sì rí òjìji kankan, ibẹ̀ ṣókùnkùn jù fún un.

Oòrùn tó ń gba inú gíláàsì wọlé máa ń jó ewé rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ojú ewé tó kọjú sí fèrèsé á ṣì, á funfun ní ibì kan, lẹ́yìn náà á gbẹ, ojú ibẹ̀ kò sì tún ní di àwọ̀ ewé mọ́ láéláé. Òkùnkùn kì í pa á kíákíá ní tirẹ̀, ohun tó sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò nílò ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Ó lè wà nínú yàrá tó ṣókùnkùn fún oṣù pípẹ́, ṣùgbọ́n ewé tuntun tó bá yọ á máa kéré sí i, á máa ṣì, èéhù rẹ̀ á sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́, á tẹ̀ síhà ibi tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti ń bọ̀. Kí ó má baà tẹ̀ síbì kan, ẹ máa yí ìgò náà padà díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí jù, nítorí pé ohun tó wà nínú omi ló ń ṣe igi yìí léṣe ju àìsí omi lọ. Omi ẹ̀rọ ní klórínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, wọ́n tún ń fi flúóráídì sí i nítorí eyín àwọn aráàlú, bẹ́ẹ̀ ni flúóráídì sì wà nínú omi kànga àti omi ilẹ̀ ní àwọn ibì kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi sí i. Ọ̀pọ̀ nínú ẹbí pèrègún ni flúóráídì kì í bá lára mu. Gbòǹgbò á fa omi náà, omi á gba inú ọ̀pá gòkè dé ewé, níbẹ̀ ni omi á ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n flúóráídì kò lè bá afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ibi tí ìrìn omi parí sí, ìyẹn ṣóńṣó ewé àti etí rẹ̀, ni yóò máa kó jọ sí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ṣóńṣó ewé ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ, tí á di àwọ̀ búráùn, nígbà tí ìyókù ewé náà ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tí kò mọ èyí á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ igi náà, á tún da omi kan náà sí i.

Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kí a gbé omi kalẹ̀ sínú garawa tí a kò dé títí di ọjọ́ kejì kí a tó lò ó. Ìmọ̀ràn yìí dára, ṣùgbọ́n kò yanjú gbogbo rẹ̀. Klórínì á bá afẹ́fẹ́ lọ lóòótọ́. Àmọ́ àwọn iléeṣẹ́ omi kan ń lo klóráámìnì dípò rẹ̀, ìyẹn kì í sì í lọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni flúóráídì kò ní kúrò bó ti wù kí omi náà pẹ́ nílẹ̀ tó. Sísè omi tún burú sí i ní ti flúóráídì, nítorí pé omi ló ń dín kù nínú ìkòkò, iye flúóráídì kò yí padà, omi tó kù á sì wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi òjò tí a gbè lẹ́yìn tí òjò ti kọ́kọ́ fọ òrùlé mọ́ ni mo gbà pé ó dára jù lọ fún igi yìí, omi tí wọ́n gbè láti ara oruku omi tó ń hó (distilled water), irú èyí tí wọ́n ń dà sínú bátìrì ọkọ̀, sì tẹ̀ lé e, bí a bá rí èyí tí wọn kò tíì po nǹkan mìíràn mọ́. Omi tí ẹ̀rọ fi iyọ̀ mú kí ó máa hó ìfófòó ọṣẹ dáadáa kò dára fún un rárá. Bí ó bá sì jẹ́ omi ẹ̀rọ nìkan ni ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ lò ó, kí ẹ sì máa wo ṣóńṣó ewé. Bí ó bá tutù títí, omi yín kò ní wàhálà.

Ní ti ìwọ̀n, kí omi bo gbòǹgbò náà, kí ó sì fi díẹ̀ kọjá rẹ̀, ó ti tó. Kíkún ìgò dé ẹnu kì í ṣe àǹfààní, nítorí pé ọ̀pá tó rì sínú omi jìnnà máa ń rọ̀. Ó yẹ kí a máa da omi náà nù pátápátá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì bu tuntun, dípò kí a kàn máa bu omi lé èyí tó ti wà níbẹ̀. Gbòǹgbò ń lo atẹ́gùn inú omi. Bí omi bá dúró pẹ́, atẹ́gùn inú rẹ̀ á tán, ègé gbòǹgbò tó ti kú á jẹrà síbẹ̀, òórùn á sì bẹ̀rẹ̀. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà nínú ìgò náà, ẹ kó wọn jáde, kí ẹ fọ̀ wọ́n, nítorí pé àárín wọn ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí. Ẹ̀gbin aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ tí ẹ máa ń rí lára ìgò, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú omi gba inú gíláàsì ló ń mú un hù. Ìkòkò tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá máa ń fi òpin sí i.

Ìdí mìíràn wà fún pípààrọ̀ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní igi yìí nílé mú un lọ́kùn-únkúndùn. Ní ọdún 2001, wọ́n rí ẹ̀fọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aedes albopictus, èyí tó lè gbé àrùn dengue àti chikungunya, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, nínú omi tí wọ́n fi kó ọparun oríire wọlé láti Ṣáínà. Ní Netherlands náà, wọ́n rí i ní ọdún 2005 nínú ilé ọ̀gbìn àwọn tó ń kó igi kan náà wọlé. Láti ìgbà náà ni àwọn olówò kan ti ń fi àwọn ohun tó rọ̀, tó sì ń mú omi dúró sínú, kó igi wọn dípò omi lásán. Inú ìgò kékeré orí tábìlì tó fún ẹ̀fọn láti yé ẹyin sí. Nínú ilé tó móoru, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí kí ó fi díẹ̀ lé kí ẹyin tó di tanwíji, kí tanwíji sì di ẹ̀fọn tó ń fò, ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi náà pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Síwájú sí i, ara ògiri ìgò, lókè ibi tí omi dé, ni irú ẹ̀fọn yìí ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́, ẹyin náà sì lè wà ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí omi tó kàn án kó tó pa. Nítorí náà, dída omi nù nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ fi kànìnkànìn tàbí búrọ́ọ̀ṣì ha inú ìgò náà yíká.

Bí ẹ bá gbé ọ̀pá náà jáde láti fọ ìgò, ẹ lo àǹfààní yẹn láti wo gbòǹgbò rẹ̀. Àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ọsàn ni gbòǹgbò igi yìí sábà máa ń ní, àwọn mìíràn sì máa ń funfun. Ó ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó gé gbòǹgbò pupa dànù nítorí ó rò pé àrùn ni. Èyí tó ti jẹrà ni èyí tó dúdú tàbí tó rí bí eérú, tó ń yọ̀, tó sì já sí yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ rọra fà á. Irú ìyẹn ni kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì tó mọ́ gé kúrò.

Ewé tó ń di àwọ̀ ìyeyè ni ohun tó ń kó ìpayà bá ènìyàn jù, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló ń fà á. Bí ó bá jẹ́ ewé kan tàbí méjì nísàlẹ̀ ló pọ́n tí àwọn tó wà lókè sì tutù, ọjọ́ ogbó ni, ẹ fà á kúrò, kò sí nǹkan mìíràn láti ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ewé ló pọ́n pa pọ̀ láìpẹ́ sí ìgbà tí ẹ fún un ní ajílẹ̀, ajílẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀, kí ẹ má sì fún un ní ajílẹ̀ kankan fún oṣù mélòó kan. Èyí tó yẹ kí ó kó yín láyà sókè ni kí ọ̀pá fúnra rẹ̀ máa pọ́n láti ìdí. Ẹ fi ìka méjì rọra tẹ ọ̀pá náà láti ìdí lọ sókè: ọ̀pá tó ní ìlera á le koko, èyí tó ti ń jẹrà á rọ̀, ara rẹ̀ á hunjọ, nígbà mìíràn omi tó ń rùn á tiẹ̀ jáde níbẹ̀. Ibi tó bá ti pọ́n lára ọ̀pá kì í tún padà sí àwọ̀ ewé. Bí òun àti àwọn mìíràn bá jọ wà nínú ìgò kan, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé omi kan náà ni gbogbo wọn ń mu, ìjẹrà rẹ̀ á sì ran àwọn yòókù.

Ẹlòmíràn á ṣàkíyèsí pé ọ̀pá tí òun rà kò ga sí i láti ọdún yìí wá, á sì rò pé ó ń ṣàìsàn. Kò ṣàìsàn. Wọ́n ti gé orí ọ̀pá náà kí wọ́n tó tà á, wọ́n sì sábà máa ń fi ìda bo ojú ibi tí wọ́n gé kí ó má baà gbẹ tàbí kí ó jẹrà. Ẹ má ha ìda náà kúrò. Ọ̀pá tí wọ́n ti gé lórí kò ní ga mọ́ láé. Èéhù tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ oríkèé rẹ̀ ló ń dàgbà. Bí èéhù náà bá gùn jù tó fi ń wúwo lórí, ẹ gé e sílẹ̀ kí ó ku bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí ara ọ̀pá, òmíràn á yọ níbẹ̀. Lílọ́ tí àwọn ọ̀pá kan lọ́ náà kì í ṣe àdámọ́. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbìn ín ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kàn án láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń yí i padà díẹ̀díẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan, kí ó lè máa tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ náà ká. Èéhù tuntun tó bá yọ lára irú rẹ̀ nínú ilé yín á lọ sókè gbọnrangandan.

Iye ọ̀pá tí wọ́n so pọ̀ ní ìtumọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà: mẹ́ta dúró fún ayọ̀, ọrọ̀ àti ẹ̀mí gígùn, wọ́n sì máa ń yẹra fún mẹ́rin nítorí pé bí wọ́n ṣe ń pe mẹ́rin jọ bí wọ́n ṣe ń pe ikú. Ní ti ìlera igi náà, ohun tó kàn wá ni okùn tàbí wáyà tí wọ́n fi dì wọ́n. Bí gbòǹgbò àti èéhù bá ti ń pọ̀, okùn náà á máa fún wọn, wáyà sì lè gé ara ọ̀pá wọlé, ìjẹrà á sì gba ojú ọgbẹ́ yẹn wọ̀ ọ́. Ẹ tú u, kí ẹ sì tún un so ní dídẹ̀.

Ajílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún igi inú omi. Ajílẹ̀ olómi tí a là títí tó fi ku ìdámẹ́wàá agbára tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù méjì, ti tó o. Ọ̀pá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò sì nílò rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ kí igi rẹ̀ pẹ́, kí ó sì gbó dáadáa, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ó gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀, ibi tí a dá a láti máa gbé. Ìkòkò tó ní ihò nísàlẹ̀ ni kí ẹ lò, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tó rọ̀, tí omi ń tètè là kọjá. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ náà máa tutù, nítorí pé gbòǹgbò tó hù sínú omi kò tíì mọ bí a ṣe ń wá omi nínú ilẹ̀; lẹ́yìn náà, kí ẹ máa dúró kí ojú iyẹ̀pẹ̀ gbẹ tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 kí ẹ tó bomi rin ín. Àwọn ènìyàn máa ń béèrè bí igi tó ń gbé inú omi ṣe lè kú nítorí pé iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ tutù jù. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé omi inú ìgò ń di tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, atẹ́gùn sì ń wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó dúró sójú kan nínú iyẹ̀pẹ̀ ń lé afẹ́fẹ́ jáde láàárín rẹ̀, gbòǹgbò kò sì ní rí èémí mí.

Ooru tó wà láàárín digírì 18 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius tẹ́ ẹ lọ́rùn. Òtútù tó bá lọ sísàlẹ̀ digírì 10 ń ṣe é léṣe, ẹ má sì gbé e síbi tí ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ti ń fẹ́ sí i lára. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó dà bí òwú ní kọ̀rọ̀ ewé, tàbí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aláǹtakùn lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ni. Ẹ fi aṣọ tó tutù pẹ̀lú omi ọṣẹ díẹ̀ nù ún léraléra títí yóò fi tán.

Ẹni tó ní ológbò tàbí ajá nílé gbọ́dọ̀ gbé igi yìí síbi tí ẹnu wọn kò ti lè tó o. Èròjà kan wà nínú ewé rẹ̀ tó ń jẹ́ saponin, tó ń mú wọn bì, tó ń mú itọ́ dà lẹ́nu wọn, tí kì í sì í jẹ́ kí wọ́n fẹ́ jẹun. Ihò dúdú àárín ẹyinjú ológbò tó bá jẹ ẹ́ tún máa ń fẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ tètè gbé ẹran náà lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ẹranko.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa ọ̀pá tí ìdí rẹ̀ ti pọ́n. Kò dìgbà tí ẹ bá sọ gbogbo rẹ̀ nù, bí orí rẹ̀ tàbí èéhù rẹ̀ bá ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, tó sì le. Ẹ fi spírítì nu ọ̀bẹ tó mú, kí ẹ gé e níbi tó ti mọ́ ṣáká, ní ìsàlẹ̀ oríkèé kan gẹ́lẹ́, nítorí pé ara oríkèé ni gbòǹgbò tuntun ti ń yọ. Bí ojú ibi tí ẹ gé bá ní àmì búráùn láàárín, ẹ tún gé e sókè sí i títí yóò fi funfun yíká. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò kí èyíkéyìí má baà rì sínú omi, kí ẹ sì fi ọ̀pá náà sínú omi tó mọ́ nínú ìgò mìíràn, níbi tó mọ́lẹ̀ tí kò sí oòrùn. Kókó kéékèèké á kọ́kọ́ wú lára oríkèé náà, gbòǹgbò á sì tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ó tó yọ, omi pípààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìkan ni ó nílò, kì í ṣe ajílẹ̀.